Àwòrán tó bà yín lẹ́rù, tí ẹ kò sì lè gbójú kúrò lára rẹ̀: ẹ sọ tiyín

Ará Oyèmẹ́kùn, Àkúrẹ́

Eyín àtọwọ́dá ni iṣẹ́ mi. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló fi àwòrán kan tí Junji Ito, ayàwòrán ará Japan, yà hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Mo ní, "Gbé nǹkan burúkú yẹn kúrò níwájú mi jọ̀ọ́." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀ wo eyín rẹ̀ ná."

Mo bá wò ó. Obìnrin ni, arẹwà, irun rẹ̀ dúdú kirikiri, àmọ́ ojú kejì ti ń hù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹnu ojú kejì yẹn ló mú mi. Ìlà tàdáwà tín-ín-rín ló fi fa ibi tí erìgì ti pàdé eyín. Àwa tá à ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìda mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́: tí erìgì bá tẹ́jú jù, ẹni tó fi eyín náà sẹ́nu ò ní lè rẹ́rìn-ín kí wọ́n má mọ̀.

Mo wá lọ kà nípa ọkùnrin náà. Àṣé iṣẹ́ wa ló ń ṣe tẹ́lẹ̀! Ọdún 1963 ni wọ́n bí i. Ó ṣì wà nídìí eyín nígbà tí ìtàn aláwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1987, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó fi í sílẹ̀. Ní báyìí, ẹnu ni mo máa ń kọ́kọ́ wò nínú àwòrán rẹ̀. Ìyàwó mi ní orí mi ò pé.

Ọmọ Ìdànrè

Nínú ìtàn aláwòrán Junji Ito yẹn, èyí tí kò ní ẹ̀jẹ̀ kankan nínú ló kó mi láyà jẹ ní tèmi. Ilẹ̀ mì tìtì, òkè kan là, ihò wá hàn lára òkúta: ihò tó ní orí, apá àti ẹsẹ̀ bí èèyàn gẹ́lẹ́. Oníkálukú ń wá tirẹ̀. Ẹni tó bá rí i á bọ́ṣọ, á sì wọnú rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó tì wọ́n o.

Ẹni tó dàgbà láàárín òkúta kò yẹ kó ka irú ìyẹn lóru. Àtẹ̀gùn tó gun òkè wa lọ sí ìlú àtijọ́ lé ní 600, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ ìgbà tí mo tún gùn ún lẹ́yìn ìtàn yẹn, gbogbo ibi tí òkúta ti sán ni mò ń yọjú wò. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá?" Mo ní kò sí. Ọkùnrin yẹn kàn da tàdáwà dúdú sínú ihò ni, kò ya ohunkóhun síbẹ̀. Èmi ni mò ń bá a yà á tán.

Òkè-Ìgbó ni tèmi

Ẹ ti gba Japan lọ, ìlú wa ni Fágúnwà ti wá! Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán sínú ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ẹ lọ wá a. Èmi náà fi báírò ya Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún inú ìwé náà. Nígbà tí mo dé ojú kẹwàá, àyè ti tán yí orí ká, mo bá rọ mẹ́fà tó kù sí ọrùn. Ìyá mi ní kó má wọ yàrá òun. Ó wà lára ògiri tèmi, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wá lọ́sàn-án.