Bọ́ọ̀sì tó ń pẹ́ láti Abuja dé Accra: báwo la ṣe máa ṣètò rẹ̀ tí kò fi ní dà wá láàmú?

Arìnrìnàjò_Kubwa béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àwa méjì la fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn láti Kubwa dé Accra nínú oṣù kejìlá. Ojú ilẹ̀ la fẹ́ bá lọ: Abuja sí Èkó, Èkó sí Kútọnu, Kútọnu sí Lomé, Lomé sí Accra. Ọjọ́ 12 la ní, àtilọ àtibọ̀. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé gbogbo ẹni tó mọ ọ̀nà yìí ló ń sọ pé bọ́ọ̀sì kì í gbéra lásìkò, àti pé ìdúró pọ̀ ní bọ́dà. Ṣé ká ra gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láti ilé ni, àbí ká máa rà á bá a bá ṣe ń dé ibì kọ̀ọ̀kan? Wákàtí mélòó ló yẹ ká fi sílẹ̀ láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì? Kí ló yẹ kó wà nínú báàgì kékeré tó máa wà lẹ́sẹ̀ wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Bàbá_Ìbejì_Nyanya dáhùn pé:

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ má ra gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀ o. Kì í ṣe pípẹ́ tí bọ́ọ̀sì pẹ́ ló ń ba ìrìnàjò yìí jẹ́, owó tí èèyàn ti san sílẹ̀ síwájú ni. Tí ti Abuja bá fi wákàtí mẹ́rin pẹ́, ti Kútọnu á ti lọ, ẹni tó gba owó yàrá ní Lomé kò ní dá a padà, ẹ̀yin náà á wá máa sáré lásìkò tí kò yẹ kéèyàn sáré. Tíkẹ́ẹ̀tì tó kàn ni kí ẹ máa rà, ìyẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá bọ́dà tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ gé ọ̀nà náà sí mẹ́rin. Abuja sí Èkó tó nǹkan bíi 750 kìlómítà, ẹ ṣírò rẹ̀ sí wákàtí 12 sí 14. Ọkọ̀ agogo mẹ́fà àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Tó bá di agogo mẹ́sàn-án tí ọkọ̀ kò tíì kúrò ní Jabi tàbí Utako, ẹ gbà pé ọjọ́ yẹn ti lọ, kí ẹ sún un sí ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ á ṣú bá ọkọ̀ tó bá gbéra lẹ́yìn ìgbà náà kó tó dé Èkó, ọ̀nà yìí kì í sì í ṣe ọ̀nà òru mọ́. Ẹ sùn ní Èkó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ lè sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Jibowu ní Èkó láàárọ̀ kí ẹ sì wọ ọkọ̀ Kútọnu lójú ẹsẹ̀.

Èkó sí Kútọnu kò ju nǹkan bíi 120 kìlómítà lọ, síbẹ̀ odidi ọjọ́ kan ni kí ẹ fún un. Kìlómítà kọ́ ló ń jẹ àsìkò níbẹ̀, ìdúró ni: sún kẹrẹ fà kẹrẹ Mile 2, lẹ́yìn náà àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò láti Àgbádárìgì títí dé Sẹ́mẹ̀, kó tó wá kan bọ́dà fúnra rẹ̀. Ẹ kúrò ní Èkó ní kùtùkùtù kí ẹ lè wà ní Sẹ́mẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Kútọnu sí Lomé, nǹkan bíi 150. Lomé sí Accra, bíi 200. Ìyẹn rọrùn díẹ̀, torí ìlú Lomé fara kan bọ́dà Ghana gan-an ni. Tí bọ́ọ̀sì bá há sórí ìlà ní Aflao, ẹ lè fẹsẹ̀ kọjá, kí ẹ tẹ ìwé ìrìnnà yín, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ míì sí Accra lódì kejì. Ohun kan péré ló ń dí èèyàn lọ́wọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀: báàgì tó wà nínú bùútù.

Ẹ kíyè sí agogo náà. Nàìjíríà àti Benin jọ ń lo àsìkò kan náà. Togo àti Ghana fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ jèrè wákàtí kan, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ní bíbọ̀ ni wàhálà wà: agogo méje àárọ̀ ní Lomé, mẹ́jọ ló jẹ́ ní Kútọnu, àwọn tó pàdánù ọkọ̀ nítorí èyí kò kéré. Àsìkò ìlú tí ọkọ̀ ti ń gbéra ló máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì.

Fún ẹlòmíì tó bá ń ka èyí tó sì fẹ́ lọ ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá: ẹ kọ́kọ́ béèrè bí omi ṣe rí ní Lokoja. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omi Ọya àti Benue bo ojú títì ní agbègbè Koton Karfe, ọkọ̀ sì há síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Onímọ́tò_Zuba dáhùn pé:

Bàbá ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti gáréèjì kún un. Ọkọ̀ kékeré kì í tẹ̀lé àsìkò tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, èrò ló ń gbé e. Ọkọ̀ èèyàn 14 tó ní èèyàn 5 ní agogo méje kò ní tètè gbéra, ohun yòówù kí ẹni tó ń pe èrò sọ. Wọ́n á máa pariwo "Ó ku ẹyọ kan! Ó ku ẹyọ kan!" Ẹ máa yọjú wo inú ọkọ̀, ẹ sì máa rí orí mẹ́tàlá lóòótọ́. Ẹ fara balẹ̀ wò wọ́n. Ẹni tí kò ní báàgì lẹ́sẹ̀, tí kò sí tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹni tó ń pe èrò, kì í ṣe èrò. Ọmọ gáréèjì ni. Bí ẹ bá ṣe ń sanwó tán, bẹ́ẹ̀ ló máa rọra sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó ní ẹrù ni kí ẹ kà. Wọ́n ń ṣe é ní Zuba, wọ́n ń ṣe é ní Mile 2.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo táyà tí wọ́n fi ṣe àfikún. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá rọ̀, kò sí àfikún nìyẹn.

Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, ẹ má béèrè pé ìgbà wo la máa lọ, torí awakọ̀ gan-an lè má mọ̀. Ẹ béèrè ohun tó bàjẹ́, nítorí èyí ló máa sọ iye àsìkò tó máa gbà fún yín.

Táyà: tí àfikún àti jáàkì bá wà, ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ẹ dúró.

Bẹ́líìtì fáànù: tó bá ní òmíràn nínú ọkọ̀, bíi wákàtí kan. Tí kò bá ní, ó di kí ọ̀kadà gbé ẹnì kan lọ sí ìlú tó súnmọ́ ọn, ẹ fi wákàtí mẹ́ta sí i.

Rádíétọ̀: èyí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Èéfín funfun á máa jáde níwájú, awakọ̀ á ní omi lásán ni, a fẹ́ bu omi sí i. Ẹ má dúró nítòsí rẹ̀, torí ẹni tó bá ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, omi tó ń hó ló máa fò sí i lójú. Ó gbọ́dọ̀ tutù fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bu omi sí i tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ lè máa bá wọn lọ. Tí omi bá ń kán tó-tó-tó, ihò ti wà lára páìpù tàbí lára rádíétọ̀ fúnra rẹ̀, ọkọ̀ yẹn á sì máa dúró títí ẹ ó fi débẹ̀. Inú rẹ̀ ni ìdúró wákàtí mẹ́fà ti ń wá, díẹ̀díẹ̀.

Gíà tàbí ẹ́ńjìnnì: ẹ má dúró rárá. Ẹ ní kó fún yín ní owó tó kù, kí ẹ sì béèrè lójú ẹsẹ̀, kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló máa ń rí owó gbà, torí owó ṣì wà lápò awakọ̀ nígbà yẹn.

Níbi yòówù tí ọkọ̀ bá dúró sí, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ jìnnà sójú títì, ẹ má dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Tírélà tí búrèkì rẹ̀ kò dá a lójú kì í rí ọkọ̀ tó dúró lásìkò.

Àbẹ̀kẹ́_SabonGari dáhùn pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Hausa tí ẹ ń sọ ní Kubwa máa wúlò fún yín ju Òyìnbó lọ ní Kútọnu àti Lomé. Ìlú méjèèjì ló ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Zongo, Accra náà ní Nima, ẹ ó rí ẹni tó gbọ́ Hausa níbẹ̀. "Yaushe mota za ta tashi?" (ìgbà wo ni ọkọ̀ máa gbéra?) tó láti mọ òótọ́ lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọkọ̀. Àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo ní Benin) ń sọ Yorùbá tiwa. Tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ béèrè ohun kan náà ní Faransé: "Le car part à quelle heure?" kí ẹ sì ní kí wọ́n fi nọ́ńbà kọ ọ́ sórí fóònù.

Owó: séfà kan náà ni Benin àti Togo ń ná, nítorí náà ẹ má ṣẹ́ èyí tó kù lọ́wọ́ yín ní Hillacondji, bọ́dà Benin àti Togo, ẹ gbé e wọ Togo. Aflao lẹ ti máa nílò sídì, owó Ghana. Ẹ wá ṣéńjì, ìyẹn owó ẹyọ 100 àti bébà 500, nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi, àti ọlọ́kadà Kútọnu tí wọ́n ń pè ní zemijan. Ọlọ́kadà kò ní ṣéńjì 10,000 tí ẹ bá nà sí i láàárọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì: kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè pé, "Tí ọkọ̀ yìí kò bá gbéra lónìí, ṣé owó ni mo máa gbà àbí ọjọ́ míì?" Ohun tó bá sọ, kó kọ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì kó sì buwọ́ lù ú. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yí padà tí ẹni tó tà á fún yín bá ti lọ sílé. Níbí lọ́dọ̀ tiwa, òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 fún èrò lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ tó sanwó fún lásìkò, kí wọ́n sì tètè sọ fún un tí ìdádúró bá fẹ́ wà. Olú iléeṣẹ́ àjọ FCCPC tó ń rí sí i wà ní Abuja níbẹ̀. Ẹ pa tíkẹ́ẹ̀tì mọ́, kí ẹ ya fọ́tò pátákó ìpolongo ọkọ̀ pẹ̀lú àsìkò.

Báàgì ńlá kò gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 10 lọ, kí ọ̀rọ̀ fífẹsẹ̀ kọjá tí Bàbá sọ yẹn lè ṣeé ṣe. Nínú kékeré: ìwé ìrìnnà, yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú) àti ẹ̀dà wọn, owó ní ọ̀nà méjì, tọ́ọ̀ṣì, tíṣù, aṣọ ìbora fún ẹ́síì, àti pawabáǹkì 20,000 mAh. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh, ó máa ṣáájì rẹ̀ bí ìgbà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, kì í ṣe mẹ́rin, torí agbára kan máa ń ṣòfò. Ẹ sì ti gba máàpù Google àwọn ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

Nọ́ọ̀sì_Gwarinpa dáhùn pé:

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn kì í mu omi nítorí ìbẹ̀rù ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má ṣe é. Orí fífọ́ àti òòyì tí ẹ̀ ń pè ní àárẹ̀ ọ̀nà, àìmumi ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ gbé lítà kan ààbọ̀ dání, kí ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀. Tí ìtọ̀ bá ti pọ́n, ẹ ti pẹ́ jù.

Ìrẹsì tí ẹ sè láàárọ̀ kò ṣeé jẹ nírọ̀lẹ́ nínú ooru ọkọ̀. Ẹ mú kílíṣì, kúlíkúlí, dàbínò, àkàrà Òṣù. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá dé: omi tó mọ́ lítà kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n tó tẹ́jú, kì í ṣe gègèrè. Ẹ má ṣe fojú bù ú, iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀ ní ìgbà 20, kí ẹsẹ̀ má baà wú.

Yẹ́lò káàdì: ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí ẹ bá ti gbà á tẹ́lẹ̀, láti ọdún 2016 ló ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé.

Arìnrìnàjò_Kubwa:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ tààrà láti Èkó dé Accra ńkọ́? Ṣé kò ní gbà wá lọ́wọ́ gbogbo èyí?

Bàbá_Ìbejì_Nyanya:

Ó ní ire tiẹ̀. Ó mọ ọ̀nà bọ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kò sì ní máa wá ọkọ̀. Àmọ́ gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró de ẹnì kan ṣoṣo: oníṣòwò kan kó báálì wá, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń yẹ ẹ́ wò, ẹlòmíì, ìwé rẹ̀ kò pé. Èèyàn 45 á jókòó dè é. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì wọn bóyá ọkọ̀ náà ń kó ẹrù oníṣòwò pẹ̀lú èrò. Tí wọ́n bá ń gba ìwé ìrìnnà gbogbo èrò jọ fún títẹ̀, ẹ tẹ̀lé e dé ojú fèrèsé, kí ẹ sì yẹ ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ náà wò kí ẹ tó padà wọkọ̀. Èyí tí kò bá ní òǹtẹ̀ ìwọlé Togo, Aflao ni wọ́n ti máa bi yín.

Mo rò pé kí ẹ wọ tààrà ní àlọ, torí ẹ kò tíì mọ ọ̀nà, kí ẹ gé e ní àbọ̀. Nínú ọjọ́ 12 yẹn, mẹ́ta fún àlọ, mẹ́rin fún àbọ̀. Kí ọjọ́ iṣẹ́ yín ní Abuja má ṣe tẹ̀lé ọjọ́ tí ẹ bá dé. Tí ẹ bá lè kọjá Sẹ́mẹ̀ kí ọjọ́ 15 oṣù kejìlá tó pé, ẹ ó ti kúrò lọ́nà kí èrò Kérésì tó dé.