Ta ló wà ní òkèèrè: Ogoni ni àbí Lọ́ńdọ̀nù?

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń ṣe ètò rédíò ní Ìlọrin ti béèrè orúkọ tí òun lè fún ètò rẹ̀ ni mo ti ń ka èsì yín. Ètò náà dá lórí àwọn tí ìyà jẹ nílùú wọn, tí wọ́n wá gbé ẹjọ́ lọ sí ìlú tí ilé-iṣẹ́ ńlá tó kàn wọ́n ti wá. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà ní kó pè é ní "Ìjẹ̀bi ilé-iṣẹ́ ní ilé-ẹjọ́ abẹ́lé fún títẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀ ní òkèèrè". Ẹni mẹ́ta ti kín wọn lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi kò lè kín in lẹ́yìn. Ọdún 19 ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù, mo sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan tí a ṣì túmọ̀ lè fà.

"Abẹ́lé" àti "òkèèrè" ló kọ́kọ́ dùn mí. Abẹ́lé ta ni? Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba ológun Nàìjíríà so ọkùnrin mẹ́sàn-án láti Ogoni, agbègbè epo kan ní Ìpínlẹ̀ Rivers, kọ́ ní Port Harcourt. Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó ń jà fún ilẹ̀ Ogoni, wà nínú wọn, Barinem Kiobel náà wà níbẹ̀. Esther, opó Kiobel, pe Shell, ilé-iṣẹ́ epo ńlá nì, lẹ́jọ́ ní New York ní ọdún 2002, ó ní wọ́n lọ́wọ́ sí ohun tí ìjọba ṣe. Bí adájọ́ Amẹ́ríkà bá ń kọ̀wé, òkèèrè ni Ogoni jẹ́ fún un, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí àbúrò wa bá sọ ọ́ lórí rédíò, tí ìyá alátẹ kan ní Ọjà Ọba gbọ́ "òkèèrè", ibo ni ọkàn rẹ̀ máa lọ? Ìlú Ọba ni, tàbí Amẹ́ríkà tí ọmọ rẹ̀ wà. Yóò rò pé àwọn ará ọ̀hún ni wọ́n fìyà jẹ, pé kóòtù abẹ́lé tí a ń wí sì ni ti Ìlọrin níbí. A ti dojú ẹjọ́ náà dé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ gan-an ló pa ẹjọ́ obìnrin yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní òfin ọdún 1789 tó gbé ẹjọ́ rẹ̀ kà kò nasẹ̀ dé ilẹ̀ tí ọ̀ràn ti ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí ní Òmù-Àrán nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọmọkùnrin kan tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa dáná sungbó, iná náà ràn dé ọ̀dọ̀ wa, ó jó abà àti gbogbo èbù tí a kó pamọ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Bàbá mi kò bá ọmọ náà jà. Mọ́tò ni wọ́n wọ̀ lọ sí Ìsánlú-Ìsìn, sí ilé baba rẹ̀, wọ́n ní ẹjọ́ ni àwọn wá fi sùn. Baba ọmọ ní òun kò sí lóko lọ́jọ́ náà, òun kò sì rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ iná. Àwọn àgbà ilé ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà ti wà lọ́rùn àwọn. Wọ́n di èbù fún bàbá mi, ọ̀ràn sì bọ́ lọ́rùn wọn. Kò sẹ́ni tó pe baba yẹn ní ẹlẹ́bi.

Ohun tí gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí jẹ́ nìyẹn: fífẹjọ́ sùn nílé baba. New York kì í ṣe ilé baba Shell, ó kàn ní ọ́fíìsì níbẹ̀ ni, àwọn adájọ́ sì ní ìyẹn nìkan kò tó. Àwọn àgbẹ̀ Goi, Oruma àti Ikot Ada Udo, ní agbègbè epo Niger Delta, gba The Hague ní Netherlands lọ, àwọn ará Ogale àti Bille, ní agbègbè kan náà, gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, nítorí ìlú méjèèjì ló jẹ́ ilé baba Shell nígbà náà. Àwíjàre ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ ni pé ọmọ àwọn, ìyẹn ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà tó wà ní Nàìjíríà, ti dàgbà, ó ti dá dúró, kí wọ́n lọ bá òun fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tó wá kù ni bóyá baba ṣì ń pàṣẹ nínú ilé ọmọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ "ilé-iṣẹ́ òbí" tí ẹnìkan mú wá níjẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá.

Mo wá dé orí "ìjẹ̀bi". Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ìlú Ọba ní ẹjọ́ àwọn ará Ogale àti Bille lórí epo tó ba omi àti ilẹ̀ wọn jẹ́ ṣeé gbọ́. Àwọn olùpẹjọ́ náà ju 40,000 lọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ lọ́jọ́ náà pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi. Ní ọdún 2009, Shell san mílíọ̀nù 15.5 dọ́là fún ìdílé Saro-Wiwa àti àwọn mìíràn, ó sì ní òun kò jẹ̀bi ohunkóhun. Báwo la ṣe fẹ́ fi "ìjẹ̀bi" sọ èyí? Ní kóòtù tiwa náà, mo ti rí bàbá arúgbó kan tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí mo túmọ̀ ìdájọ́ owó ilé fún un pé ó jẹ̀bi. Ẹ̀wọ̀n ló rò. Láti ọjọ́ yẹn, "owó náà wà lọ́rùn yín" ni mo máa ń sọ, ó sì máa ń yé wọn lójú ẹsẹ̀. "Ojúṣe" tí àwọn kan dá lábàá kò tó, nítorí ohun tó yẹ kéèyàn ṣe ni, kì í ṣe ohun tí yóò san nígbà tí kò ṣe é.

Nítorí náà, ọ̀ràn-ọrùn ni mo mú wá. A lè ní ọ̀ràn wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́, a lè ní ó bọ́ lọ́rùn rẹ̀, láìpe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn. Mo mọ̀ pé bí a bá kọ ọ́ láìfàmì sí i, ẹlòmíràn á kà á sí ọ̀ràn ọ̀run. Lórí rédíò, ohùn á là á. Nínú ìwé, ẹ fàmì sí i. Àbúrò mi, bí mo ṣe máa pe ètò yín rèé: "Ọ̀ràn tó wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ ńlá: fífẹjọ́ wọn sùn nílé baba wọn".

Àfáà wa ní Pàkátà mú "díyà" wá, ìyẹn owó gbà-máà-bínú tí a ń san fún ẹ̀mí tàbí ara, èrò ọ̀hún sì wú mi lórí, nítorí bí ènìyàn bá ṣèèṣì pààyàn, àwọn ìbátan rẹ̀ níhà baba ni òfin Ìsìláàmù ní kó san án, bí wọn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí àti ara ni díyà wà fún, kò kan odò tí epo bò. Àfáà, ǹjẹ́ àwọn àgbà Ìlọrin ní orúkọ Yorùbá kan tí wọ́n ń pe àwọn ìbátan tó ń san díyà yẹn? Bó bá wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́ kí àbúrò wa tó wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀.