Ẹ má tíì sin òkú náà

Ìyá Ìsánlú, Leeds

Òkun o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ nǹkan kan ń dà mí láàmú, oorun ò kun ojú mi láti alẹ́ Friday. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́, ni ọkọ̀ ọlọ́pàá mẹ́ta bá ká wọn mọ́ ojú títì, ìbọn gidi ni wọ́n nà sí wọn o, wọ́n ní kí wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní kí wọ́n dojú bolẹ̀, ìgbà tó yá wọ́n ní kì í ṣe ọkọ̀ táwọn ń wá nìyẹn, wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n lọ. Ọmọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, èmi lọkàn mi ò tíì balẹ̀. Mò ń rò ó pé ká ní ó kọwọ́ bọ àpò láti mú fóònù ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ pè? Ṣé ọlọ́pàá náà ni màá tún lọ fẹjọ́ ọlọ́pàá sùn fún? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lókè òkun, ẹ là mí lóye.

Ọmọ Kàbà, London

Àǹtí mi, ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run tó kó o yọ á máa kó o yọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti alẹ́ Friday yẹn. Kí ọmọ jókòó lónìí kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, aago tí wọ́n dá wọn dúró, àdúgbò, nọ́mbà èjìká àwọn ọlọ́pàá tó bá rántí, ohun tí wọ́n sọ, kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà kọ tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n má jọ kọ ọ́ torí tó bá jọra jù wọ́n á ní ṣe ni wọ́n gbìmọ̀. Kó wá kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá náà pé òun fẹ́ fọ́nrán kámẹ́rà àyà tí òun wà nínú ẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi falẹ̀ rárá, torí fọ́nrán tí wọn ò bá sàmì sí pé ẹjọ́ wà lórí ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju nǹkan bí oṣù kan lọ kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Èyí tó burú wàyí, ká ní ìbọn ọlọ́pàá dún, tí ẹnì kan sì kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ògbufọ̀ fún ẹbí tí ọ̀rọ̀ yìí dé bá níbí, ohun tójú mi rí ni mò ń sọ. Ìbéèrè yín yẹn gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀, ta là ń fẹjọ́ sùn fún. Ní England àti Wales, tẹ́nì kan bá kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá tàbí tó fara gbọgbẹ́ gidi, dandan ni kí wọ́n fi tó IOPC létí, àjọ tó dá dúró lọ́tọ̀ sí ọlọ́pàá, òun ló rọ́pò àjọ àtijọ́ tó ń jẹ́ IPCC ní 2018. Scotland ní PIRC tiwọn, Northern Ireland ní Police Ombudsman. Torí náà tí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn yín pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fọwọ́ síwèé kan, ẹ ṣe sùúrù, ẹ bi wọ́n pé ṣé IOPC ti gbọ́, aago mélòó ni wọ́n gbọ́, kí lorúkọ ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà, kẹ́ ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ níṣojú wọn. Ẹni tí IOPC bá rán láti máa bá ẹbí sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sẹ́ni tí ọlọ́pàá rán wá, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ohun tó máa ń ká ẹbí lára jù ni pé wọ́n lè má mú ọlọ́pàá tó yìnbọn lọ́jọ́ yẹn, ẹlẹ́rìí ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kà á sí. Kì í ṣe pé ẹjọ́ ti tán nìyẹn.

Ẹgbẹ́ kan wà tórúkọ ẹ̀ ń jẹ́ INQUEST, láti 1981 ni wọ́n ti ń ran ẹbí ẹni tó kú lọ́wọ́ ìjọba lọ́wọ́, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, wọ́n á júwe lọ́yà tó mọ ẹjọ́ ọlọ́pàá fún yín. Ẹ má mú lọ́yà tó bá yín ṣe físà o, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Ìyá Ìsánlú, Leeds

Ẹ ṣeun bọ̀dá mi. Òkú fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n á jẹ́ ká gbé e lọ sílé?

Ọmọ Kàbà, London

Ibi tí àwa fi ń ṣe ara wa léṣe jù lẹ bọ́ sí yẹn. Àǹtí, ẹ mọ̀ bá a ṣe ń ṣe nílé, ọ̀dọ́ tó kú, òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í fi pẹ́, kílẹ̀ tó ṣú ó ti wọlẹ̀, bàbá àti ìyá kì í dé ìdí sàréè. Ìfẹ́ ló wà nídìí ẹ̀, mi ò bú àṣà wa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìbọn ọlọ́pàá ló pa ọmọ, ara ọmọ yẹn ni ẹlẹ́rìí tó kù, òun nìkan ni kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ pé kó yí ọ̀rọ̀ padà. Ibi tí ọta gbà wọlé, ṣé iwájú ni àbí ẹ̀yìn, ṣé ó súnmọ́ ọn ni àbí ọ̀nà jìn, ara ló ń sọ ọ́.

Níbí, coroner, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń wádìí ikú tí kò yé èèyàn, ló ni òkú lọ́wọ́ títí á fi yọ̀ǹda ẹ̀, ẹ ò sì lè gbé e kúrò nílùú láìjẹ́ pé ó mọ̀ sí i. Òun ló máa ń ní kí dókítà ṣàyẹ̀wò òkú. Àwọn ará ilé á máa pè yín láàárọ̀ lálẹ́ pé ìgbà wo lòkú ń bọ̀, àwọn àgbà ti ń dájọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ti ń bínú. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé e lọ. Ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí dókítà mìíràn tí àwọn fúnra wọn yàn tún àyẹ̀wò náà ṣe, ẹ bá lọ́yà sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Tó bá wá kan inquest, ìyẹn ìjókòó tí coroner fi ń wádìí bí ẹni náà ṣe kú, ẹ jókòó síbẹ̀ bí ẹni tọ́rọ̀ kàn, kì í ṣe bí òǹwòran, lọ́yà yín lè bi ọlọ́pàá náà léèrè ọ̀rọ̀, jury, àwọn ará ìlú tí wọ́n pè wá dájọ́, sì máa wà níbẹ̀ tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọlọ́pàá lẹni náà kú sí. Láti 2022 wọn ò wo owó tó ń wọlé fún ẹbí mọ́ kí wọ́n tó sanwó lọ́yà fún irú inquest yìí, ẹ ní kí lọ́yà béèrè ẹ̀.

Ẹ̀sùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lábẹ́ Human Rights Act, ọdún kan péré lẹ ní láti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọdún kan ò pẹ́ rárá lójú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Mi ò ní tàn yín, ẹjọ́ yìí le. Chris Kaba, ọmọ ọdún 24, ọlọ́pàá yìnbọn fún un nínú ọkọ̀ ní Streatham ní 5 September 2022, kò sí ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ọlọ́pàá náà ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan kó ìbọn wọn sílẹ̀ pé àwọn ò gbé e mọ́, ní 21 October 2024 jury ní kò jẹ̀bi. Ìdí ni pé òfin ń wo ohun tí ọlọ́pàá gbà gbọ́ tọkàntọkàn nígbà yẹn, bó tiẹ̀ ṣì í rí, tí agbára tó lò bá ti bá ohun tó rò pé òun rí mu. Ní 2023 ilé ẹjọ́ tó ga jù níbí sọ pé tó bá jẹ́ ìbáwí lẹ́nu iṣẹ́ ni, ìgbàgbọ́ yẹn gbọ́dọ̀ tún bọ́gbọ́n mu, ẹ bi lọ́yà bó ṣe wà lónìí torí wọ́n ṣì ń fà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnu ọ̀nà ò kan ṣoṣo. Jean Charles de Menezes, ọmọ Brazil tí ọlọ́pàá ṣì mú fún apániláyà, tí wọ́n pa ní ibùdókọ̀ ojú irin Stockwell ní 22 July 2005, kò sí ọlọ́pàá kankan tó dé kóòtù fún ìpànìyàn, àmọ́ iléeṣẹ́ wọn fúnra ẹ̀ jẹ̀bi ní 2007 lábẹ́ òfin ààbò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí wọ́n san £175,000. Ẹ sì rántí pé ìtàn tó kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ yẹn ni pé ó fò kọjá géètì, ó wọ aṣọ òtútù tó wúwo. Irọ́ ni méjèèjì. Jákẹ́ẹ̀tì jíǹsì ló wọ̀, káàdì ẹ̀ ló fi wọlé. Ìtàn ọjọ́ kìíní, ẹ má gbà á, ẹ má sì tún un sọ fún oníròyìn.

Ọmọ Yàgbà, Houston

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ ló máa ń pa ẹjọ́ tiwa. Ní New York, ọjọ́ 90 lẹ ní láti fún ìlú níwèé pé ẹ máa pè wọ́n lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, ní California oṣù mẹ́fà. Ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Section 1983 (nọ́mbà òfin ni, kì í ṣe ọdún), tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́ ìjọba tó tẹ ẹ̀tọ́ ẹni lójú lẹ́jọ́, ọdún méjì ni ní Texas níbí. Láti 1989 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ọlọ́pàá olóye tó bá wà níbẹ̀ la ó fi wo agbára tí ọlọ́pàá lò, kì í ṣe ojú ẹni tó jókòó rò ó lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀. Nǹkan kan tún wà tó máa ń rú àwọn èèyàn wa lójú, tí ìwé dókítà bá kọ "homicide", ìtumọ̀ ẹ̀ kò ju pé ọwọ́ ẹlòmíì ló pa á lọ, kò tíì sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi, ẹ má tíì máa yọ̀. Amadou Diallo ọmọ Guinea, ọta 41 ni wọ́n yìn ní 1999, àwọn ọlọ́pàá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn ní 2000, ṣùgbọ́n ìlú san mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là fún ẹbí ní 2004. Owó ò jí òkú, mo mọ̀.

Ọmọ Ìjùmú, Brampton

Ontario ní Kánádà níbí, SIU ni, àjọ tó ń wádìí ọlọ́pàá, wọ́n ti wà láti 1990, lónìí wọ́n máa ń dá sí i tí ọlọ́pàá bá ti yìnbọn sí èèyàn, kódà kí ẹnikẹ́ni má kú.

Ṣùgbọ́n mo ti ń ka ọ̀rọ̀ òkú ọ̀fọ̀ yẹn láti àárọ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ọmọ àbúrò ìyá mi, 2019, àwọn ọlọ́pàá tó gbé ìbọn lójú ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́jà ló yìn ín, wọ́n ní awakọ̀ ò dúró. Awakọ̀ ní òun dúró. Èmi ni mo fowó ránṣẹ́ láti ibí pé kí wọ́n tètè sin ín, pé kí ìyá ẹ̀ má rí i. Wọn ò gbé e dé mọ́ṣúárì. Ọta ṣì wà nínú ẹ̀. Ìgbà tí lọ́yà kan wá béèrè ìwé dókítà, a ò ní nǹkan kan. Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?

Ọmọ Kàbà, London

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹ ò mọ̀ ni.

Kò tíì bọ́. Ẹjọ́ ìpànìyàn kì í kọjá ìgbà ní Nàìjíríà. Ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí wà ní ìpín 33 nínú òfin 1999, ìlànà tí wọ́n fi ń gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ sílé ẹjọ́, ti 2009, sọ pé òfin tó ń ká ẹjọ́ mọ́ ọdún kankan ò lè dí i. Àwọn tí òkú fi sílẹ̀ sì lè pe ìjọba lẹ́jọ́, Supreme Court ti sọ bẹ́ẹ̀ láti 1986 nínú ẹjọ́ Bello ní Ọ̀yọ́, ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ ikú, tí ìjọba sì pa nígbà tí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ lè gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, ti ìjọba àpapọ̀ náà lè gbọ́ ọ. Ẹ kọ̀wé sí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀, NHRC, wọn kì í gbowó, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Police Service Commission torí àwọn ló ń bá ọlọ́pàá wí. Àwọn kan ti dé ìdí ẹ̀ rí, ọlọ́pàá tó yìnbọn pa lọ́yà Bolanle Raheem l'Ájàh lọ́jọ́ Kérésìmesì 2022, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá a lẹ́jọ́ ikú ní 9 October 2023, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ sì wà láàyè láti sọ̀rọ̀.

Ní ti àyẹ̀wò, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n hú òkú. Ó le láti sọ fún ìyá ẹ̀, èmi ò ní sọ pé kò le. Ṣùgbọ́n ẹran ara ló ń jẹrà, ọta ìbọn kì í jẹrà. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe é, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ibojì láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́ àti dókítà níbẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ibojì lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?

Ọmọ Ìjùmú, Brampton

Ó wà. Ó ti fi ọkọ̀ sílẹ̀, oko ló ń ṣe báyìí ní Ògìdì. Àwọn mẹ́ta mìíràn wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó mọ ilé méjì nínú wọn.

Ọmọ Kàbà, London

Kó lọ búra síwèé níwájú kóòtù kí òjò tó dé. Ohun tó rí nìkan ni kó sọ, kó má sọ ohun tó gbọ́. Ẹ pè é lónìí.

Ọmọ Ìjùmú, Brampton

Ilẹ̀ ti ṣú nílé. Àárọ̀ kùtù ọ̀la kó tó lọ sóko, màá pè é.