Ta ló mọ ìwé apanilẹ́rìn-ín nípa ìràwọ̀ fún ọmọdé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ni mò ń gbé. Bí iná bá ti lọ tá a jókòó síta, ọmọ mi ọdún márùn-ún á bẹ̀rẹ̀: ṣé Àgùàlà ni ajá òṣùpá lóòótọ́? Mo ní rárá o, ayé mìíràn tí wọ́n ń pè ní Venus ni, ooru ibẹ̀ lè yọ́ òjé. Ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Ajá á jóná!"

Irú ẹ̀rín yẹn gan-an ni mo ń wá nínú ìwé aláwòrán. Èyí tí mo rí ní Dùgbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, ó sì ṣì ka Pluto mọ́ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yọ ọ́ láti 2006. Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ mọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín láìparọ́? Bó bá wà ní Yorùbá, inú mi á dùn gan-an.