Tower of London: èwo ni ká fi wọn bí èèyàn ṣe ń ṣètò?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa Tower of London, ìdánwò bí èèyàn ṣe ń ṣètò nínú ọpọlọ, tí onímọ̀ nípa ọpọlọ Tim Shallice gbé jáde ní 1982, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Nínú rẹ̀, èèyàn á máa gbé ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ mẹ́ta láti orí òpó kan sí òmíràn, títí wọ́n á fi rí bí èyí tí wọ́n fi hàn án, ní ìgbésẹ̀ tó kéré jù lọ. Ẹnì kan á tẹjú mọ́ òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ́, kó tó fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ pupa, á sì parí rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 5 géérégé. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á máa gbé e síwá sẹ́yìn, á lo 7. Ṣé àkókò tó fi ronú ṣáájú ni kí n gbára lé, àbí ìgbésẹ̀ tó lé? Lójú tèmi, ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀ lè máa ronú lẹ́nu iṣẹ́. Báwo lẹ ṣe ń mọ ìyẹn yàtọ̀ sí ìwàǹwára?