Infernal Affairs àti The Departed: kí ni wọ́n fi ìṣẹ́jú 50 ṣe?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin olólùfẹ́ fíìmù, mo kí yín o. Àríyànjiyàn kan wà láàárín èmi àti àbúrò mi ọkùnrin láti òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti tó kí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá wa dá sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti wo The Departed, èyí tí Martin Scorsese darí ní ọdún 2006, mo sì ti gbà pé kò sí fíìmù ọlọ́pàá àti ọ̀daràn mìíràn tó dùn tó o. Àbúrò mi wá gbé Infernal Affairs jáde, fíìmù Hong Kong ti ọdún 2002 tí Andrew Lau àti Alan Mak darí, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti mú ìtàn náà, ó ní kí n wò ó kí n tó tún fọnnu. Mo wò ó. Ìtàn kan náà ni lóòótọ́: ọlọ́pàá kan ń ṣe amí nínú ẹgbẹ́ ọ̀daràn, ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀daràn kan sì ń ṣe amí láàárín àwọn ọlọ́pàá, wọ́n wá ní kí kálukú wọn wá ẹnì kejì rí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 101 péré ni ti Hong Kong fi parí ohun tó gba ti Amẹ́ríkà ní ìṣẹ́jú 151. Ṣé ìtàn gidi ni wọ́n fi ìṣẹ́jú 50 yẹn sọ ni, àbí àyè ni wọ́n ń wá fún àwọn gbajúgbajà òṣèré tí wọ́n kó jọ? Ẹni tí kò bá tíì wo méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà jù báyìí lọ, nítorí kò sí bí a ó ṣe sọ ọ́ tí a kò ní dárúkọ ẹni tó kú.

Awòran Ìbàdàn

Ẹ kú ìbéèrè. Lójú tèmi, ohun méjèèjì tí ẹ sọ ló ṣẹlẹ̀. Ibi tí mo ti rí èrè àkókò náà ni ìbẹ̀rẹ̀ The Departed, níbi tí Mark Wahlberg, tó jẹ́ ọlọ́pàá, ti ń fi ìdílé Leonardo DiCaprio, ọlọ́pàá tí wọ́n fẹ́ rán lọ ṣe amí, bú u ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá, tí ó ń ka ìwà àwọn ẹbí rẹ̀ sí i létí títí ojú ọmọ náà fi yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yé wa ìdí tí wọ́n fi yan òun gan-an fún iṣẹ́ tí kò ní orúkọ, àti ìdí tí òun náà fi gbà á. Ti Hong Kong kò dúró sọ èyí. Ó fi àwọn ọ̀dọ́mọdé òṣèré méjì hàn wá fún ìgbà díẹ̀, ó sì fo ọ̀pọ̀ ọdún kọjá.

Jack Nicholson, ọ̀gá ọ̀daràn nínú ti Amẹ́ríkà, ló jẹ èyí tó kù nínú àkókò náà. Ẹ wo Eric Tsang tó jẹ́ ọ̀gá ọ̀daràn nínú ti àkọ́kọ́: ó jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń jẹun ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, lójijì ó fi ọwọ́ gbá gbogbo oúnjẹ náà dànù. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju gbogbo ariwo Nicholson lọ. Nígbàkígbà tí Nicholson bá wọlé, ìtàn a dúró kí ó lè ṣe tirẹ̀ tán.

Ọmọ Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n takò yín díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Fíìmù Hong Kong sọ ọ́. Ojú Tony Leung, ẹni tó jẹ́ ọlọ́pàá amí níbẹ̀, ló fi sọ ọ́. Bí ọdún 10 ló ti fi ń ṣe amí, ẹ sì rí i lára rẹ̀ nígbà tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ ní iṣẹ́ ọlọ́pàá jà lórí òrùlé ilé gíga, pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n sọ, ó di mẹ́ta mìíràn, ó tún di mẹ́ta mìíràn. Èmi kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka ìtàn ìdílé rẹ̀ fún mi mọ́.

Ẹ tún rántí ilé ìtajà ẹ̀rọ orin. Andy Lau, ẹni tó jẹ́ amí àwọn ọ̀daràn, wá ra ẹ̀rọ, Tony Leung ló dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì jókòó pọ̀ níwájú àwọn sípíkà, wọ́n ń gbọ́ orin àtijọ́ kan láìmọ ara wọn. Scorsese kò mú ìran yìí, ó sì dùn mí. Bákan náà ni kóòdù Morse, àmì ìró kúkurú àti gígùn tó dúró fún lẹ́tà, tí Tony Leung fi ọmọ ìka ń kàn sí ọ̀gá rẹ̀. Nínú ti Amẹ́ríkà, ó ti di ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Nígbà tí òkú ọ̀gá náà sì já lu orí takisí, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Nínú ti Amẹ́ríkà, tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní ìlú Boston, ẹ̀jẹ̀ ta sí DiCaprio lára, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìpẹ́.

Ọ̀kan tí mo fẹ́ fi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan fíìmù náà tààrà: ní alẹ́ tí The Departed gba Oscar mẹ́rin ní ọdún 2007, tí Scorsese gba ti olùdarí fún ìgbà àkọ́kọ́, olùkéde sọ pé fíìmù Jàpáànù ni wọ́n ti mú un. Ẹni tí wọ́n mú iṣẹ́ rẹ̀, wọn kò tilẹ̀ rántí ìlú rẹ̀.

Àǹtí Boston

Nítorí pé Massachusetts, ìpínlẹ̀ tí Boston wà, ni mo ń gbé, ẹ jẹ́ kí n gbèjà Nicholson. Òǹkọ̀wé eré náà, William Monahan, ọmọ Boston ni, kò sì kàn yí orúkọ àwọn ará Hong Kong padà sí ti àwọn ọmọ Ireland tó ń gbé Boston. Whitey Bulger ló wà lẹ́yìn ọ̀gá ọ̀daràn inú ti Amẹ́ríkà, ọ̀daràn gidi láti gúúsù Boston, tó jẹ́ olófòófó fún FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí ó ń pa ènìyàn. Nígbà tí fíìmù náà jáde, ó ṣì ń sá kiri. Ọdún 2011 ni wọ́n tó mú un ní Santa Monica. Nítorí náà, nígbà tí Matt Damon, amí àwọn ọ̀daràn nínú ti Amẹ́ríkà, mọ̀ pé ọ̀gá tó tọ́ òun dàgbà ń ta àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ìjọba, tí ó sì yìnbọn pa á, ìdí rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti Andy Lau. Andy Lau pa ọ̀gá rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ di ọmọlúàbí. Ẹ̀rù ló mú Damon pa tirẹ̀. Èyí kì í ṣe àfikún lásán.

Ibi tí n kò lè gbèjà wọn ni ti obìnrin. Dókítà tó ń tọ́jú Tony Leung àti àfẹ́sọ́nà Andy Lau, ẹni méjì ni wọ́n ní Hong Kong. Wọ́n pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan fún Vera Farmiga, ó wá di pé ìlú ńlá bíi Boston kò ní ju obìnrin kan ṣoṣo lọ.

Awòran Ìbàdàn

Mo gba ti Bulger, Àǹtí, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dé ìparí, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé àbúrò olùbéèrè ti borí. Orúkọ fíìmù Hong Kong ní èdè wọn wá láti inú ẹ̀kọ́ Búdà, ó ń tọ́ka sí ọ̀run àpáàdì tí ìyà rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìpakúpa inú lífítì, Andy Lau jáde, ó gbé káàdì ọlọ́pàá rẹ̀ sókè, ó sì yè. Ó dúró níbi ìsìnkú Tony Leung, ẹni tó sàn jù ú lọ, ó ń kí i bí ọlọ́pàá ṣe ń kí ọlọ́pàá. Yíyè yẹn gan-an ni àpáàdì rẹ̀. Ní Boston, Wahlberg fi ọ̀rá bo bàtà, ó dúró de Damon nínú ilé rẹ̀, ó yìnbọn fún un, eku, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pe ọ̀dàlẹ̀, sì gba ojú fèrèsé kọjá kí ó má bàa sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. Èmi náà pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, nítorí eré tiwa ti kọ́ wa pé kí ìkà má lọ láìjìyà. Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ya ìparí mìíràn fún ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti mú Andy Lau bó ṣe ń jáde nínú lífítì. Àwọn tó ń yẹ fíìmù wò níbẹ̀ àti Scorsese fẹnu kò láìmọ̀.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N kò tíì lè sọ pé mo fẹ́ràn ti Hong Kong jù, ṣùgbọ́n mo ti gbà fún àbúrò mi lórí ọ̀rọ̀ eku yẹn. Ó ní apá kejì àti ìkẹta wà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003, àti pé inú apá kejì ni ìtàn ìgbà èwe àwọn amí méjèèjì tí fíìmù àkọ́kọ́ fò wà. A ó wò ó ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé bí iná bá wà.