Ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní í máa dá màmá mi lágara

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Màmá mi ti pé ọmọ ọdún 79, wọ́n ń dá gbé ni, èmi sì wà lọ́nà jíjìn. Orí fídíò ni dókítà ti máa ń rí wọn, ó sì fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ṣe ń lọ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Bluetooth ni ẹ̀rọ tí mo rà fi ń so mọ́ fóònù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí wọ́n bá ṣèèṣì fọwọ́ kan nǹkan kan lójú fóònù, ó parí nìyẹn, kò ní í so mọ́ra mọ́. Mo wá ní kí wọ́n máa ka nọ́ńbà fún mi tí mo bá pè. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní 68 ni, àyà mi já. Àṣé iye ìgbà tí ọkàn ń lù ni wọ́n kà, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. 152 ló wà lókè. Mo ní kí aládùúgbò lẹ bébà mọ́ ẹ̀rọ náà, kó kọ “òkè” àti “àárín” sí i, àmọ́ ojú màmá mi kò ríran kà á.

Mo gbọ́ pé àwọn ẹ̀rọ kan ní síìmù nínú, wọ́n ń fi èsì ránṣẹ́ fúnra wọn láìlo fóònù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á fún àgbàlagbà, ṣé lóòótọ́ ni pé bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa tẹ̀? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì lọ, ṣé ó máa ń tọ́jú èsì títí yóò fi padà, àbí ṣe ló ń sọnù?